Ilé-Ìwé, Ilé Aró àti Ọjọ́ Ọ̀la Ọmọ: Àgbéyẹ̀wò láti Ìtòkú

Ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta, ilé-ìwé ìjọba àti ilé aró kò jìnnà síra wọn. Ọmọ tó bá jáde ilé-ìwé lọ́sàn-án lè gba abẹ́ àdìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn kọjá kó tó délé, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jẹ́ pé ìdí aró gan-an ni wọ́n ń lọ. Wọn á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, wọn á wọ aṣọ iṣẹ́ tí àwọ̀ ti kún ara rẹ̀, wọn á bá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n fún aṣọ, wọn á bá a sá a. Láàárọ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ọmọ wà. Lọ́sàn-án, ọwọ́ ìyá aláàdìrẹ ló wà. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ kì í bèèrè ohun tí ọmọ ń kọ́ nídìí aró, ìyá aláàdìrẹ náà kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Inú àlàfo yẹn ni mo rí ìṣòro wa sí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ilé-ìwé ìjọba ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ kò mọ nǹkan kan mọ́. Àwọn mìíràn ní àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ́, pé owó ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò kan gbòǹgbò ọ̀ràn. Ilé-ìwé ń kọ́ni, àdúgbò náà ń kọ́ni. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ kan ṣoṣo yìí ni kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan kò sì ka iṣẹ́ ẹnì kejì sí. Kí a tó lè sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ó yẹ kí a wo bí a ṣe dé ibi tí a wà, nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó jáde ní 1974, ka ohun tí ẹ̀kọ́ àwọn baba wa ń lépa sí méje. Ìlera àti agbára ara wà níbẹ̀, ìwà wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ fún àgbà, làákàyè, iṣẹ́ ọwọ́ àti fífẹ́ràn iṣẹ́ àṣelà, kíkópa nínú ọ̀ràn ẹbí àti ìlú, àti mímọ àṣà ẹni. Ohun tó wù mí nínú ètò yẹn ni pé wọn kò ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà tàbí làákàyè. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta okùn sára aṣọ àdìrẹ oníko ń kọ́ sùúrù, ó ń kọ́ ìṣirò nínú bó ṣe ń pín ojú aṣọ, ó sì ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Àwọn ará Kẹ́mta máa ń sọ pé agboolé Jójolọ́lá ni àdìrẹ ti bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, lọ́wọ́ Olóyè Miniya Jójolọ́lá Ṣóẹ̀tán, tó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá lẹ́yìn Ẹfúnróyè Tinúbú. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ, ọmọ náà á sì kọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbòòrò débi pé Judith Byfield, òpìtàn tó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé kan lórí àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1890 sí 1940.

Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run dé, wọn kò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí iṣẹ́ ọwọ́. Oṣù kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, ìlú tí Ṣódẹkẹ́ àti àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Ní 1846, ẹgbẹ́ CMS wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó wá. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní A, B, D, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá ní 1854, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà àti bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé. Látinú ẹ̀rọ yẹn ni ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn ti jáde ní 1859. Wọ́n tún dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú òwú, tí wọ́n ń dì í ránṣẹ́ sí òkè òkun. Henry Robbin, tí wọ́n rán lọ sí Manchester láti lọ kọ́ iṣẹ́ òwú, wà lára àwọn tó bójú tó o. Ìlépa wọn tó owó dáadáa, a ò ní parọ́. Òwú ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá nígbà náà. Síbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá kan ní àárín ọdún 1850 sí 1860 lè ka Bíbélì, kó sì tún mọ iṣẹ́ tí yóò fi jẹun, lábẹ́ òrùlé kan náà. Ìfọ́lé ọdún 1867 ló dá ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ dúró, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú.

Ohun tó dé lẹ́yìn ìyẹn yàtọ̀. Ìjọba amúnisìn nílò akọ̀wé, akọ̀wé ló sì ń gba owó oṣù. Òbí tó bá rí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ nínú ṣòkòtò funfun ní ọ́fíìsì kò ní fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ máa ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Ilé-ìwé girama Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 1908, Baptist Boys' High School tẹ̀ lé e ní 1923, ìdánwò òkè òkun sì di òpin ohun gbogbo. N kò bú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí. Àwọn ni wọ́n mú orúkọ Ẹ̀gbá kárí ayé. Ní Baptist Boys', ìwé ìròyìn ilé-ìwé ni Moshood Abíọ́lá àti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jọ ṣe nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Abíọ́lá ni olóòtú, Ọbásanjọ́ ni igbákejì rẹ̀. Abíọ́lá yìí kan náà ló ti ń ta igi ìdáná láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó lè rówó ilé-ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọgbọ́n òwò rẹ̀ ti wá kò gbọ́dọ̀ wo kíláàsì nìkan.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lọ tí Abẹ́òkúta ní, tí a kì í sì í kà mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ni ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Òun wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé girama Abẹ́òkúta gbà ní 1914. Ọkọ rẹ̀, Ẹni-Ọ̀wọ̀ I. O. Ransome-Kútì, ni ọ̀gá ilé-ìwé náà láti 1932 sí 1954, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ni ìyá yìí kọ́kọ́ kó jọ, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì, wọ́n ń ránṣọ. Nígbà tó di àárín ọdún 1940 sí 1946, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà fún àwọn obìnrin ọjà, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ láti ẹnu wọn bí owó orí àti gbígba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn ṣe ń ni wọ́n lára. Ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Ìwọ́de 1947 àti 1948 ni gbogbo ayé gbọ́, Aláké Adémọ́lá Kejì sì kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949. Àwọn òpìtàn máa ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn òṣèlú. Lójú tèmi, ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú: olùkọ́ lọ bá ọjà, ọjà kọ́ olùkọ́, ìwé kíkà sì di ohun tí aláàdìrẹ àti alátẹ lè fi gbèjà ara wọn. Ilé-ìwé àti Ìtòkú kò tíì tún sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Olóyè S. O. Awókòyà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Kò sí ohun tó yí ìgbésí ayé ọmọ aláìní padà ní ilẹ̀ Yorùbá tó ètò yìí. Fún àwọn tí kò ní lè dé girama, wọ́n dá ilé-ìwé modern sílẹ̀, ọdún mẹ́ta, kí ọmọ lè jáde pẹ̀lú ìwé díẹ̀ àti iṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kékeré àti ti akọ̀wé ni ọ̀pọ̀ wọn wá kiri, nígbà tó sì yá, wọ́n pa ilé-ìwé modern rẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1976, ti gómìnà Bísí Ọnàbánjọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tẹ̀ lé e ní 1979.

Lẹ́yìn náà ni ètò 6-3-3-4 dé ní 1982. Lórí ìwé, ètò náà dára gan-an. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, àwọn kan á tẹ̀ síwájú sí girama àgbà, àwọn kan á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bíi ti Ìdí-Aba, àwọn mìíràn á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún iṣẹ́ Introductory Technology. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà wà tó fi dípẹtà: kò síná, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Kò sì sí òbí kan tó gbà kí wọ́n sọ fún ọmọ òun pé kó kúrò ní ilé-ìwé lọ kọ́ṣẹ́, nítorí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lójú gbogbo ènìyàn ni pé ọmọ náà ti kùnà. Ìyẹn ni àbùkù tó pọ̀ jù nínú ètò náà, owó kankan kò sì lè tún un ṣe: wọ́n sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ibi tí wọ́n ń ju àwọn tí kò mọ̀wé sí.

Ní 2011, wọ́n tún gbìyànjú. Wọ́n fi iṣẹ́ àti òwò 34 kún ẹ̀kọ́ girama àgbà, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, WAEC sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò nínú rẹ̀ ní 2014. Iṣẹ́ káfíńtà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìrun, àtúnṣe fóònù, oúnjẹ sísè, ẹja sísìn. Ohun tó yẹ kí ara Ìtòkú yọ̀ sí jù lọ ni pé aṣọ rírẹ wà lára wọn, lórúkọ Dyeing and Bleaching. Iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe lẹ́yìnkùlé wọ inú ìwé ìdánwò ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó jáde láti ìgbà náà èwo ni wọ́n mú. Data Processing, Marketing, Animal Husbandry, èyí tí èèyàn lè kọ́ láti inú nóòtì, tí ìjọba kò sì ní ra nǹkan kan sí. Ọmọ máa ń ṣe Data Processing kó má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá, á kọ orúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sílẹ̀, á há wọn sórí, á sì yege. Ọ̀gá ilé-ìwé kò ní ẹ̀bi tó pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kó dá iṣẹ́ sílẹ̀ láìfún un ní olùkọ́, láìfún un ní ṣọ́ọ̀bù.

Nísinsìnyí, ètò tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde fún sáà 2025 sí 2026 ti dín iṣẹ́ wọ̀nyẹn kù sí mẹ́fà: fífi ẹ̀rọ iná oòrùn sílé àti títọ́jú rẹ̀, ọnà aṣọ àti ìránṣọ, ẹran ọ̀sìn, iṣẹ́ ẹwà, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Dídín in kù bá ọgbọ́n mu, nítorí iṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n kọ́ dáadáa sàn ju 34 tí wọ́n kàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ rírẹ kò sí nínú mẹ́fà yìí. Abẹ́òkúta kò gbọ́dọ̀ gba èyí láìsọ̀rọ̀.

Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí aró, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ rò pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ bá ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á fi láfún se ẹ̀kọ, wọ́n á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n ti gé ní àpẹẹrẹ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á sá aṣọ náà títí ẹ̀kọ á fi gbẹ mọ́ ọn. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè wọ̀. Ó wá kan aró fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n wá ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé. Lónìí, èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà ló pọ̀ jù, wọ́n á fi sódà àti hydrosulphite pò ó pọ̀ nínú báàfù, wọ́n á fún un ní ìsinmi díẹ̀.

Nígbà tí ìyá aláàdìrẹ bá fa aṣọ jáde nínú aró, kì í ṣe búlúù ló máa ń jáde. Ó máa ń fẹ́ yọ bí ewé tútù, ó tún ń pọ́n díẹ̀. Yóò na aṣọ náà sínú afẹ́fẹ́, ojú aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà níṣojú ẹni, láti etí dé àárín, títí á fi di búlúù. Bí kò bá tó bó ṣe fẹ́ ẹ, á tún un rì bọ̀ ọ́. Obìnrin tó ń ṣe èyí mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú aró jù, aró á kú, àti pé bí sódà bá pọ̀, aṣọ á já, ọwọ́ á sì bó.

Ẹ wá gbé e lọ sí kíláàsì kẹ́mísírì. Ohun tí wọ́n ń pè ní oxidation àti reduction lohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọmọ tó bá wà nídìí aró. Àwọ̀ èlú kì í yòrò nínú omi. Hydrosulphite ló ń sọ ọ́ di èyí tó ń yòrò, nínú omi tí sódà ti mú le, kó lè wọ inú òwú. Afẹ́fẹ́ ló sì ń dá a padà sí búlúù, tí kò fi ní ṣí mọ́. Omi eérú àwọn ìyá wa àtijọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ sódà, ọjọ́ tí aró fi ń wú ló ń ṣe iṣẹ́ hydrosulphite. Ọmọ Ìtòkú tó ti bá ìyá rẹ̀ na aṣọ láti kékeré ti rí ohun tí olùkọ́ fẹ́ ṣàlàyé ju bí ìwé kíkà ṣe lè fi hàn án lọ. Bẹ́ẹ̀ ló máa jókòó sí kíláàsì, tí yóò máa há ìtumọ̀ oxidation sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnì kan kò ní sọ fún un rí pé òun mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀, tó ń ti ọwọ́ lásán bọ sódà, kò sì ní ẹni tó máa sọ fún un ohun tí sódà ń ṣe sí awọ ara, tàbí ibi tó yẹ kí omi aró gbà kí ó má máa ṣàn lọ sínú gọ́tà àdúgbò.

Láti inú iṣẹ́ yìí kan náà, olùkọ́ ìṣirò lè kọ́ iye owó tó wọlé àti èyí tó jáde lórí bọ́ńdù aṣọ kan. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà lè kọ́ àwọn àpẹẹrẹ tó ti ń parẹ́ lọ. Olùkọ́ ìwà ọmọlúàbí ìlú lè kọ́ ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ya ọnà tuntun. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lónìí, nítorí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ya àpẹẹrẹ àdìrẹ sí, ti kún ọjà, ó sì dínwó ju èyí tí wọ́n fọwọ́ rẹ lọ. Aláàdìrẹ kò lè fi owó pọ́ọ́kú bá ẹ̀rọ du ọjà. Ohun tó lè gbà á là ni ọnà tuntun, aró tí kì í ṣí, àti oníbàárà tó mọ ìyàtọ̀, ìwé wà nídìí gbogbo wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ sọ ìdí aró di ibi àìlábàwọ́n. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní àléébù tó pọ̀. Àwọn ọ̀gá kan ń fi ọmọ iṣẹ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀: ọdún kan á kọjá, àwo ni ọmọ ń fọ̀, omi ló ń pọn. Àwọn mìíràn ń fi àṣírí iṣẹ́ pamọ́ títí di ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù, kí ọmọ iṣẹ́ má bàa di alábàádíje. Ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ bá fún ọmọ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú fọ́tò àti ìlù àti jọ̀lọ́ọ̀fù, kò jámọ́ nǹkan ní báńkì tàbí ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kò lè kọ ìnáwó wọn sílẹ̀. Nígbà tí owó iṣẹ́ náà kò bá tètè wọlé, ọ̀kadà ni ọ̀dọ́kùnrin máa sá lọ gùn, tàbí kí àwọn kan wọ iṣẹ́ yàhúù tó ń ba àwọn ìdílé jẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀gá nílò ilé-ìwé bí ilé-ìwé ṣe nílò ọ̀gá.

Ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ tún wà. Ìtàn rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa. Ní 1959, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n pe àwọn tó mọ oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá akẹ́kọ̀ọ́ 60 sọ̀rọ̀, 54 nínú wọn sì ríṣẹ́ lẹ́yìn náà. Gbogbo ètò olùgbani-nímọ̀ràn tó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wa títí di òní, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹ wo bó ti rọrùn tó: wọn kò kọ́ ilé, wọn kò ra ẹ̀rọ, àwọn àgbà tó mọṣẹ́ ni wọ́n pè wọ inú ọgbà. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba, olùgbani-nímọ̀ràn kan ṣoṣo, bó bá wà rárá, ni wọ́n tún ń ní kó máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ sì máa ń gbọ́ nípa iṣẹ́ kò ju dókítà, lọ́yà àti ẹnjiníà lọ.

Àwọn tó ti so ìwé àti iṣẹ́ pọ̀ kò ṣọ̀wọ́n, wọn kò sì jìnnà. Ní Ìkẹ́nnẹ́, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, Táí Ṣólàárín àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń roko, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n ń kan igi, wọ́n bá wọn mọ lára ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń yege ìdánwò. Ṣólàárín fi hàn pé irọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ń gba àkókò ìwé. Ní Òṣogbo, Nike Òkundáyé ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti bàtíìkì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1983, ọ̀pọ̀ wọn sì ti dá dúró.

Èyí tí mo rò pé ó bá wa mu jù lọ wà lẹ́yìn ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará Kétu àti Pọ́bẹ̀ tí í ṣe ọmọ ìyá wa wà, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2005 tí wọ́n ń pè ní CQP. Ọmọ iṣẹ́ máa ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, yóò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, láti kọ́ ìdí ohun tó ń ṣe. Nígbà tó bá parí, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí ló máa gbà. Wọn kò gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá, wọn kò sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀gá nìkan. Nàìjíríà náà ti ṣe ohun tó jọ ọ́ rí: àjọ NDE tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986 ń fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ó ń san owó fún wọn, ó sì ṣètò kíláàsì ọjọ́ Sátidé. A mọ ọ̀nà yìí. Ohun tí a kò tíì ṣe ni kí a mú un wọ inú ilé-ìwé ìjọba, kó má jẹ́ ti àwọn tó ti kúrò níbẹ̀ nìkan.

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òfin kò gba ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ láyè láti kọ́ni. Òfin yẹn dára, n kò ní kí wọ́n fagi lé e. Ìyá aláàdìrẹ kò nílò kó di olùkọ́. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni olùkọ́. Ìyá aláàdìrẹ ni ọ̀gá iṣẹ́ tí wọ́n pè, tí wọ́n sanwó fún, tí olùkọ́ jókòó tì, tí àwọn méjèèjì sì jọ fi máàkì sí iṣẹ́ ọmọ. Kò gba ṣọ́ọ̀bù tuntun, nítorí ṣọ́ọ̀bù ti wà ní Ìtòkú. Ohun tó gbà ni ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, owó ọkọ̀ fún àwọn ilé-ìwé tó jìnnà, àti ọ̀gá ilé-ìwé tó gbà pé ilé aró yẹ ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ.

Nítorí náà, mo ń bẹ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn pé, níwọ̀n ìgbà tí ọnà aṣọ àti ìránṣọ ti wà nínú iṣẹ́ mẹ́fà náà, kí wọ́n fi aṣọ rírẹ kún un gẹ́gẹ́ bí apá tí a ní láti kọ́ ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba tó wà ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì bá ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ kó wọ inú ìdánwò. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú kí wọ́n yan àwọn ìyá tó mọṣẹ́ tó sì ní ìwà, kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi àṣírí pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì, bí ẹ kò bá rí ìwé kankan gbà láti ọ́fíìsì, ẹ kó kíláàsì yín lọ sí ìdí aró kan ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní oxidation. Ẹ kọ̀wé sí òbí, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ lọ. Ẹ̀yin òbí sì, bí ọmọ bá délé pẹ̀lú aró lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú sí i. Ẹ bèèrè ohun tó kọ́.